Giovanni Corvaja àti fìlà onírun wúrà: ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ, ẹ wá bá mi dá sí i

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lọ́jọ́ Sátidé mo mú ọmọ mi obìnrin lọ sí V&A, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tó wà ní South Kensington. A wọ yàrá ohun ọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti jẹ́ kí ilé ṣókùnkùn díẹ̀ kí àwọn àpótí gíláàsì lè máa tàn. Iṣẹ́ ọmọ Ítálì kan tó ń jẹ́ Giovanni Corvaja ló dá mi dúró. Wúrà ni, àmọ́ ó tínrín bí irun. Ṣé ẹ mọ bí irun ẹ̀yìn ọrùn ọmọ tuntun ṣe máa ń rí tí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá? Bẹ́ẹ̀ ló rí lójú mi. Ọmọ fà mí lọ́wọ́ títí, mi ò mira.

Nígbà tá a délé, mo jókòó ti fóònù, mò ń ka nípa ọkùnrin náà. Padova, ìlú kan ní Ítálì, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1971. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tó ti ń fọwọ́ kan iṣẹ́ irin àti wúrà. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà Pietro Selvatico ní ìlú rẹ̀, ó wá sí Royal College of Art ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ó gboyè jáde lọ́dún 1992, ó padà sílé. Todi, ìlú orí òkè kan ní Umbria, ló wá fi ṣe ibùjókòó nígbà tó yá.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni àkójọ iṣẹ́ kan tó sọ lórúkọ irun wúrà inú ìtàn àwọn ará Gíríìsì àtijọ́. Ẹ ti lè gbọ́ ọ rí: ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jason wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Colchis, ó lọ gba awọ àgbò kan tí gbogbo irun ara rẹ̀ jẹ́ wúrà. Corvaja ní òun máa ṣe irun yẹn ní tòótọ́, irun wúrà tí ènìyàn á fi ọwọ́ pa tí á rọ̀ bí irun ẹran. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ló fi wá ọ̀nà àtiṣe é. Fìlà kan wà nínú iṣẹ́ náà tí òwú wúrà ara rẹ̀ gùn tó kìlómítà 160, tó sì gba wákàtí 2,500. Fìlà kan ṣoṣo!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Báwo ni wúrà ṣe ń di irun?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Kan

Ẹ kú àfiyèsí, Àǹtí Àbẹ̀kẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọnà, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Wúrà tí èmi mọ̀, orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ti ń dá iye lé e. Inú agolo mílíìkì ni ìyá mi ń kó tirẹ̀ sí. Ọjọ́ tí owó ilé ẹ̀kọ́ wa bá dé, á mú ẹ̀gbà ọwọ́ kan jáde, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sanwó, àwa á sì wọ kíláàsì. Tí Corvaja bá fi ọdún mẹ́wàá sọ wúrà di irun, tí ọjọ́ ìṣòro dé, ṣé kì í ṣe iye gíráàmù rẹ̀ náà ni wọ́n máa san?

Èmi alára ti jìyà ọ̀rọ̀ wúrà. Lọ́dún tí mo fẹ́ ṣègbéyàwó, ẹnì kan ta ṣéènì fún mi, ó ní kárátì 18 ni, ìyẹn ni pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ wúrà. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, wọ́n kán ásíìdì sí i, ó hó, ó sì yọ omi aláwọ̀ ewé. Bàbà ló kún inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òṣùwọ̀n àti ásíìdì ni mo gbà gbọ́.

Baba Alágbẹ̀dẹ Abẹ́òkúta

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọdún kọkànlélógójì rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ wúrà. Àbẹ̀kẹ́, tìrẹ ni màá kọ́kọ́ dáhùn.

Fífà la máa ń fa wáyà. Màá yọ́ wúrà, màá dà á sójú irin tóóró kó lè jáde bí ọ̀pá, màá fi òòlù lù ú, màá fi fáìlì rẹ́ ẹnu rẹ̀ kó rí ṣóńṣó. Mo ní irin pẹlẹbẹ kan tí ihò pọ̀ lára rẹ̀, láti orí ńlá dé orí kékeré. Mo á ki ẹnu wáyà bọ ihò, màá fi ẹ̀mú gbá a mú lódì kejì, màá fi gbogbo agbára ẹ̀yìn fà á. A máa ń fi àbẹ́là pa á lára kó lè yọ̀. Ó jáde, ó ti tínrín sí i, ó ti gùn sí i. Mo tún ki í bọ èyí tó tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn ihò bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wúrà á bẹ̀rẹ̀ agídí. Ọwọ́ rẹ ló máa kọ́kọ́ mọ̀, ojú ò lè rí i. Ó ti le nìyẹn, tó o bá fi ipá mú un, á já. Ńṣe lo máa ká a jọ, o fẹ́ iná sí i títí á fi pọ́n wẹ́, o jẹ́ kó tutù, ó rọ̀, ẹ tún jọ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ihò tó kéré jù lára irin tèmi jẹ́ mílímítà 0.2. Tí mo bá ti ń fà á débẹ̀, n kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá wá fà á kọjá ibẹ̀, tó fi tínrín ju irun orí lọ, mo mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Iná tá a fi ń mú wúrà rọ̀ gan-an lá di ọ̀tá rẹ̀. Wáyà tó tínrín tó bẹ́ẹ̀, kí iná ṣì bà á báyìí, ó ti ká kúrú, ó ti di ìlẹ̀kẹ̀ bíńtín. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti lọ nìyẹn.

Ìwọ ọmọ Ìjẹ̀bú, pẹ̀lẹ́ ti ṣéènì yẹn. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n tó o sọ. Oníbàárà kan ń dúró dè mí.

Kọ́lá Oníṣirò

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo jókòó ṣírò rẹ̀ wò.

Irun orí ènìyàn máa ń nípọn tó nǹkan bíi mílímítà 0.07. Wọ́n ní òwú Corvaja jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún irun, ìyẹn nǹkan bíi 0.014. Tá a bá fi wúrà kárátì 18 ṣe é, gíráàmù kan péré á gùn ju mítà 400 lọ. Kìlómítà 160 á wá wọ̀n tó nǹkan bíi gíráàmù 380. Kò tó ìdajì kílò! Òwú tó máa gbéra l'Ékòó, tó máa kọjá Ìbàdàn, tó máa dorí kọ Ọ̀yọ́, ènìyàn lè dé e sórí bíi fìlà.

Ti wákàtí 2,500 ńkọ́? Tí ènìyàn bá ń ṣe wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, tí kò sinmi Sátidé, tí kò sinmi Sọ́ńdè, ó lé ní oṣù mẹ́wàá. A ò tíì ka ọdún tó fi ń wá ọ̀nà.

Ohun kan wà tó wù mí kí ẹ mọ̀, nítorí Àǹtí ní ó máa ń rọ̀ bí irun ẹran. Tẹ́ ẹ bá sọ ìnípọn wáyà di ìdajì, kì í ṣe ìlọ́po méjì ló fi máa rọrùn láti tẹ̀. Ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ni. Ẹ wá fi òwú Corvaja wé wáyà 0.2 ti Baba: ó fi ohun tó ju ìlọ́po 40,000 rọrùn láti tẹ̀ jù ú lọ, ọ̀kẹ́ méjì ó lé. Ìdí nìyẹn tí irin fi lè di irun. Wúrà náà ni, kò yí padà, títínrín rẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́.

Ní ti iná tí Baba sọ, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Hyde Wollaston, ti rí ọgbọ́n kan dá sí wáyà tínrín lọ́dún 1813. Ó fi plátínọ̀mù, irin olówó iyebíye kan tó funfun, sí àárín fàdákà, ó fa méjèèjì pọ̀ títí wọ́n fi tínrín gan-an, ó wá fi ásíìdì jẹ fàdákà kúrò lára rẹ̀. Ohun tó kù láàárín kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i dáadáa. Aṣọ ló wọ̀ fún un kó má bàa já lójú ọ̀nà.

Baba Alágbẹ̀dẹ Abẹ́òkúta

Kọ́lá, o ṣeun. Aṣọ ló wọ̀ fún un! Màá rántí ìyẹn.

Títí ní Véneto

Ẹ kú alẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yín dé àdúgbò mi. Agbègbè Vicenza ni mo ń gbé, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣéènì ni mo sì ti ń jẹun. Nídìí ẹ̀rọ tèmi, ṣéènì ń tú jáde bí òjò, láàárọ̀ títí dalẹ́. Vicenza, Arezzo àti Valenza, àwọn ìlú mẹ́ta yìí ni ìlú wúrà ní Ítálì. Ṣùgbọ́n Padova, tí kò jìnnà sí wa, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ló gbà.

Ẹ ò lè lóye Corvaja tẹ́ ẹ ò bá mọ ilé ẹ̀kọ́ Pietro Selvatico yẹn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mario Pinton ló tan iná ibẹ̀. Wọ́n bí i lọ́dún 1919, ó kú lọ́dún 2008. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í pariwo: wúrà pẹlẹbẹ tó tínrín, òkúta pupa bíńtín kan lè wà lára rẹ̀, ó parí. Ó kọ́ àwọn ọmọ pé wọ́n lè fi ohun ọ̀ṣọ́ ronú gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán ṣe ń fi ọ̀dà ronú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Francesco Pavan, tí wọ́n bí lọ́dún 1937, ẹni tó máa ń hun wúrà aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ra wọn bí ẹní. Ọ̀dọ̀ Pavan ni Corvaja ti kọ́ṣẹ́. Giampaolo Babetto wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n bí lọ́dún 1947. Tirẹ̀ ni òrùka àti ẹ̀gbà onígun tí inú wọn ṣófo, tẹ́ ẹ máa rò pé wọ́n wúwo títí ẹ fi gbé wọn.

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni Annamaria Zanella. Irin tó ti dípẹtà ló ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ wúrà, àti gíláàsì, àti bébà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, inú bí mi. Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi ìpẹtà ba wúrà jẹ́? Mo padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kejì, mo wá rí i pé ìpẹtà yẹn gan-an ló jẹ́ kí n rí wúrà, nítorí lẹ́nu iṣẹ́ tèmi mo ti rí wúrà títí tí n kò rí i mọ́.

Tẹ́ ẹ bá dé Padova, ẹ bèèrè Oratorio di San Rocco. Ilé àdúrà kékeré àtijọ́ ni, àwòrán kún ògiri rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń pàtẹ irú ohun ọ̀ṣọ́ yìí sí. Ènìyàn á jáde níbẹ̀, á máa wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Kan

Àǹtí Títí, mo gbádùn èyí gan-an, mo ka tìpẹtà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀ ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Ta ló ń ra fìlà yẹn? Níbo ni wọ́n máa dé e lọ?

Títí ní Véneto

Àwọn olùkójọ àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló ń ra irú rẹ̀, àbúrò. Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni á dé lọ ọjà. Àmọ́ má gbàgbé pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Corvaja jẹ́ ohun wíwọ̀: búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ kọ́ mọ́ àyà aṣọ, òrùka, ẹ̀gbà. Nínú àwọn búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wáyà ló dúró ṣánṣán bíi koríko, wúrà bíńtín sì rí róbótó ní orí wọn. Iṣẹ́ wúrà róbótó yẹn, àwọn Etruscan tó gbé Ítálì ṣáájú àwọn ará Róòmù ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ó ṣòroó ṣe débi pé ìdílé Castellani ní Róòmù, tí wọ́n jẹ́ alágbẹ̀dẹ olókìkí, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ọ̀nà rẹ̀ padà láàárín ọdún 1800 sí 1900.

Baba Alágbẹ̀dẹ Abẹ́òkúta

Ọmọ Ìjẹ̀bú, mo ti dé o. Jọ̀wọ́ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Lọ́dún 1993 mo ṣe ẹ̀gbà ọrùn kan fún ìyàwó tuntun. Ewé mọ́kànlélógún ló wà lára rẹ̀, n kò sì ṣe ewé méjì tó jọra. Ewé kan ká díẹ̀ lẹ́nu, kòkòrò jẹ èkejì létí. Oṣù méjì ló gbà mí. Òru ni mo máa ń ṣe é, nítorí ọ̀sán ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ ọbẹ̀. Ọjọ́ tó wá gbé e, ó sunkún.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, obìnrin náà gbé e padà wá. Ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ó ní kí n bá òun rà á. N kò dá a lẹ́bi, wúrà wà fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n, mo sanwó rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, gẹ́gẹ́ bó o ṣe sọ. N kò lówó tí mo lè fi tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀, oníbàárà mìíràn sì ti ń retí òrùka. Mo kó ewé mọ́kànlélógún sínú kòkò ìyọ́rin. Ewé tí kòkòrò jẹ létí yẹn ló pẹ́ jù kó tó wọlẹ̀.

Ohun tí òṣùwọ̀n ń ṣe fún alágbẹ̀dẹ nìyẹn, ọmọ mi. Tí n bá kú lónìí, bóyá ni ẹ máa rí ohun márùn-ún tí mo ṣe. Gbogbo rẹ̀ ti yọ́. Wúrà ṣì wà káàkiri ìlú, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni kò sí mọ́. Corvaja yìí, gíráàmù 380, wákàtí 2,500. Kò sẹ́ni tó máa yọ́ ọ. Iṣẹ́ ti pọ̀ ju wúrà lọ lára rẹ̀. Mo rò pé ìyẹn ló fi ọdún mẹ́wàá wá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Kan

Baba, ẹ dárí jì mí. N kò rò ó dé ibẹ̀ rí. Mo ń rántí ẹ̀gbà inú agolo ìyá mi báyìí. Ọ̀kan wà tó ní orí ejò méjì tó kojú síra. N kò mọ ẹni tó ṣe é. N kò bèèrè.

Kọ́lá Oníṣirò

Ohun tí Baba sọ yìí, ó ti ń ṣẹlẹ̀ ní Ítálì tipẹ́. Benvenuto Cellini, ọmọ Florence, wà lára àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà tó lókìkí jù lọ. Lọ́dún 1527, nígbà tí àwọn ọmọ ogun kó Róòmù, inú ilé olódi Castel Sant'Angelo ni òun àti Póòpù Clement Keje há sí. Póòpù ní kó yọ́ wúrà ara àwọn ohun ọ̀ṣọ́ òun. Alágbẹ̀dẹ ló fọwọ́ ara rẹ̀ yọ́ iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ tó ṣáájú rẹ̀.

Tirẹ̀ náà kò yè. Nínú gbogbo iṣẹ́ wúrà tí Cellini ṣe láyé, ẹyọ kan ṣoṣo tó dájú pé tirẹ̀ ni ló kù: àwo iyọ̀ tó ṣe fún Francis Kìíní, ọba ilẹ̀ Faransé, tó parí lọ́dún 1543. Vienna ló wà. Olè jí i lọ́dún 2003, lọ́dún 2006 wọ́n hú u jáde nínú igbó tí wọ́n rì í mọ́. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà tí mo kà á ni pé kí olè má lọ yọ́ ọ.

Mopé Ìbàdàn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ẹ má bínú pé mo kàn já wọlé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, mo ń kọ́ iṣẹ́ wúrà lọ́wọ́ ọ̀gá kan. Àwa obìnrin méjì la wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi ní ọwọ́ mi lọ́ra jù. Àwọn yòókù á ti ṣe òrùka mẹ́ta, èmi á ṣì máa dán ọ̀kan. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ìgbà tí mo ka ti wákàtí 2,500 ni mo jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó lọ́ra bíi tèmi, ṣé ó lè jẹun nídìí iṣẹ́ yìí?

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù

Mopé mi, káàbọ̀. Òótọ́ ni pé ìlú tó ní ilé ìwé, olùkójọ àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló ti Corvaja lẹ́yìn. N kò ní purọ́ fún ẹ pé ọ̀nà rẹ̀ àti tìẹ rí bákan náà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló bẹ̀rẹ̀, ó sì ti ń lọ sí ogójì ọdún kó tó parí irun wúrà rẹ̀. Má fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí òrùka mẹ́ta.

Baba Alágbẹ̀dẹ Abẹ́òkúta

Mopé, máa ṣe kíákíá ní ọ̀sán kó o lè jẹun. Èyí tí ọ̀gá ń fẹ́ nìyẹn, ó sì tọ̀nà, ilé ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Àmọ́ wá ohun kan tó jẹ́ tìẹ, kó o máa ṣe é lọ́ra. Bí ó jẹ́ ẹyọ kan lọ́dún. Fàdákà ni kó o fi ṣe é tí wúrà bá wọ́n. Kí o sì ya àwòrán rẹ̀ kó o tó tà á. Èmi ò ya tèmi.

Ẹ jẹ́ n ròyìn ohun tí mo ṣe lánàá fún yín. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo mú wúrà tí kò tó gíráàmù kan, mo fà á. Mo gba gbogbo ihò, mo dé 0.2. Mo tún mú un rọ̀, mo fi ọwọ́ lásán bẹ̀rẹ̀ sí í nà án díẹ̀díẹ̀. Ó já. Mo tún nà á, ó já. Ìgbà kẹrin, ó gbà fún mi. N kò ní ohun tí mo lè fi wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n tí mo bá gbé e sí iwájú ògiri funfun, ojú mi máa ń pàdánù rẹ̀. Ó gùn tó apá mi kan.

N kò tíì fi ṣe nǹkan kan. Mo so ó mọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Láàárọ̀ yìí, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi wọlé, afẹ́fẹ́ fẹ́, ohun kan tàn lójú rẹ̀, ó bèèrè pé kí nìyẹn. Mo ní kó sún mọ́ ọn, kó fọwọ́ kàn án.